Síláìdì alájọṣe: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì nílé ìwé kan lágbègbè Òkè Fìà nílùú Òṣogbo gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wò ó, mo ti sọ síláìdì mi di èyí táwọn ọmọ á máa kópa nínú ẹ̀." Ó tẹ bọ́tìnnì, àkọlé fò wọlé láti apá ọ̀tún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, àwòrán ọkàn yí bírí bí òkòtó, ìró kan sì dún gbàmù. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ló ṣe báyẹn, òru méjì gbáko ló sì fi ṣe é. Mo bi í pé, "Níbo wá ni ọmọ ti ń ṣe nǹkan nínú gbogbo eléyìí?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á máa wò ó, Àǹtí."

Mi ò bá a wí. Ó ṣiṣẹ́, ó sì fi tọkàntọkàn ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló dàrú mọ́ ọn lójú, bó ṣe dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ tíṣà àti òbí lójú. Interactive ni wọ́n ń pè é lédè Òyìnbó. Síláìdì alájọṣe ni èmi á máa pè é níbí, torí tíṣà àti ọmọ ló yẹ kí wọ́n jọ máa ṣe é. Àwọn ilé ìwé ń kọ ọ́ sára pátákó ìpolówó wọn, àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù aláfọwọ́tẹ̀ ń fi tajà, òbí sì ń sanwó lé e lórí. Ó yẹ ká mọ ohun tí à ń sanwó fún.

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà dán síláìdì wò. Ká ní tíṣà wọ kíláàsì tó ṣófo, tó tan síláìdì rẹ̀, tó ṣe é láti ojú ìwé kìíní dé ìparí, ǹjẹ́ nǹkan kan máa yàtọ̀ sí bó ṣe máa rí ká ní àádọ́ta ọmọ jókòó síbẹ̀? Bí kò bá sí ohun tó máa yàtọ̀, kì í ṣe alájọṣe, ì báà máa jó bíi bàtá. Ohun tó ń fò tó ń yí lára síláìdì, ọ̀ṣọ́ ni. Ibi tí síláìdì ti dúró, tí kò lè lọ mọ́ àfi bí ọmọ bá ṣe nǹkan, tó sì jẹ́ pé ohun tí ọmọ bá ṣe ló máa pinnu ojú ìwé tó kàn, ibẹ̀ ni àjọṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Apá tó gbẹ̀yìn gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. A máa ń béèrè ìbéèrè lóòótọ́. Tíṣà á ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á ké pé, "Ó yé wa!" Tíṣà á tẹ síláìdì tó kàn. Ká tiẹ̀ ní wọ́n dákẹ́, síláìdì kan náà ló máa tẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí kò yé, torí ohùn ẹni tó yé ló bo tẹni tí kò yé mọ́lẹ̀.

Ibi tí PowerPoint, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe síláìdì, ti wá wà lára ohun tó fà á tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1987 ni PowerPoint jáde. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Forethought ló ṣe é, Robert Gaskins àti Dennis Austin ló sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Presenter ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Lọ́dún yẹn kan náà ni Microsoft ra ilé iṣẹ́ náà. Orí kọ̀ǹpútà Macintosh nìkan ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, dúdú àti funfun ni, wọ́n sì ń fi tẹ ọ̀rọ̀ sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ nínú ìpàdé àwọn oníṣòwò. Ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé ọjà rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ títí òun á fi sọ tẹnu òun tán. Bí tíṣà bá ṣí PowerPoint tó sì kàn ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ níbẹ̀, ìpàdé oníṣòwò yẹn náà ló máa ṣe fún àwọn ọmọ: àkọlé lókè, kókó márùn-ún nísàlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀.

Ó sì tún burú sí i bí tíṣà bá kó gbogbo nóòtì rẹ̀ sórí síláìdì tó wá ń kà á sókè. Richard Mayer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Santa Barbara, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ènìyàn ṣe ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú ohun tó rí ni pé àwòrán pẹ̀lú àlàyé ẹnu ń wọ ọmọ lára, ṣùgbọ́n bí a bá tún kọ ọ̀rọ̀ tí à ń fẹnu sọ síbẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ohun tó ń wọlé máa ń dín kù. Ojú ò lè máa ka ọ̀rọ̀ kó tún máa wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń dà pọ̀ tí wọ́n ń pè ní orúkọ kan yìí. Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀dù aláfọwọ́tẹ̀, èyí tó wọ́n jù nínú wọn. Ó rẹwà, mi ò ní kẹ́ni tó bá ní i má lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ kan, bó pọ̀ tán méjì, ló lè dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù ń wòran ni.

Èkejì ni síláìdì tó ní lìǹkì nínú. Ẹ ó ya bọ́tìnnì mẹ́rin sójú ìwé kan, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan á sì gbé yín lọ sójú ìwé tirẹ̀. Ọmọ bá yan A, a ó lọ síbi tí a ti máa wo ohun tó wà nídìí A. PowerPoint lè ṣe é, Google Slides náà lè ṣe é. PowerPoint tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kankan fún èyí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń kó èsì gbogbo ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kan náà kí tíṣà lè rí i. Òun ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun náà sì ni àwọn ènìyàn rò pé kò ṣeé ṣe láìsí fóònù lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Kí n tó dé ibẹ̀, àwa tó wà ní Ọ̀ṣun rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà lọ́dún 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀ tí ọmọ lè fi dá kàwé. Àwọn òbí kan máa ń bi mí bóyá irú ìyẹn ni mò ń sọ. Rárá o. Ọmọ àti ẹ̀rọ ló wà nídìí ìyẹn. Eléyìí, ọmọ, tíṣà àti ọmọ tó jókòó tì í ni, nínú kíláàsì kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ kíláàsì kẹ́místírì mi, SS2, lọ́jọ́ tí à ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní oxidation àti reduction. Òṣogbo ìlú aró nìlú wa, nítorí náà mi ò fi irin tó dípẹtà bẹ̀rẹ̀ bí ìwé ṣe máa ń ṣe. Àwòrán ìkòkò aró kan tí mo fi fóònù yà nílé aláró ni mo gbé sójú ìwé àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ ju ìbéèrè kan lọ: bí màmá bá ti aṣọ funfun bọnú aró elú yìí, tó sì fà á jáde, àwọ̀ wo la máa kọ́kọ́ rí? A, búlúù. B, funfun bó ṣe wà. D, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ìyeyè. E, dúdú.

Lẹ́yìn tí mo ka ìbéèrè náà, mo pa ẹnu mọ́. Ibi tó nira jù fún tíṣà nìyí. Mary Budd Rowe, olùkọ́ àgbà kan ní Amẹ́ríkà, wo ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni tíṣà sábà máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí àwọn tíṣà bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ náà á sì la ẹnu. Mo máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá náà sínú.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní páálí mẹ́rin lọ́wọ́, A, B, D, E, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ síra. Páálí kátọ́ọ̀nù ni a gé, a sì fi pépà aláwọ̀ lẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ẹ gbé e!" Gbogbo wọn ní láti gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan má baà wo ti ẹnì kejì. Bí mo ṣe gbójú sókè, pupa ló kún kíláàsì, A ni pupa. Kò ju ọmọ mẹ́sàn-án tó gbé D. Ọ̀kan nínú wọn, mo mọ̀ pé ìyá ìyá rẹ̀ rẹ aró rí.

Mi ò sọ ẹni tó gbà á. Ohun tí mo ṣe ni ohun tí Eric Mazur, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí 1991, nígbà tó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń yege ìṣirò ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí ìṣirò náà kò yé wọn. Ó máa ń béèrè ìbéèrè, oníkálukú á dá rò ó, wọ́n á dìbò, wọ́n á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti jiyàn, wọ́n á tún dìbò. Bí àwọn tó gbà á bá wà láàárín nǹkan bí 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, àríyànjiyàn yẹn máa so èso. Bí wọ́n bá kéré gan-an sí ìyẹn, ẹ̀kọ́ ò tíì wọlé, ẹ padà lọ ṣàlàyé. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa tẹ̀ síwájú.

Mẹ́sàn-án tèmi kéré, nítorí náà mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Mo tẹ nọ́ńbà ojú ìwé tí mo ti pa mọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwòrán méjì ló wà níbẹ̀: elú gbígbẹ tí wọ́n ṣù róbótó-róbótó, tí wọ́n dà sínú omi lásán, omi náà ò sì gbà á, àti ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, tí omi eérú ń kán láti inú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Bí omi lásán kò bá lè yọ́ ọ, kí ni omi eérú ń wá níbẹ̀?" Ìgbà yẹn ni mo wá ní kí wọ́n yíjú síra wọn. Ariwo sọ. Ariwo tó dáa ni. Mo rìn kọjá láàárín wọn, mo gbọ́ tí ọmọ ọkùnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Tó bá jẹ́ ọ̀dà ni, ṣebí á ti ṣí kúrò tí wọ́n bá fọ̀ ọ́." Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi ju ìdáhùn tó tọ̀nà lọ, torí ó ti rí ibi tí àṣìṣe òun fúnra rẹ̀ wà.

Wọ́n tún dìbò. D ti pọ̀ sí i gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo tan fídíò tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú: aṣọ jáde láti inú aró, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ìyeyè ló ní, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i, búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti etí aṣọ wá sí àárín lójú wọn kòrókòró. Ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Àlàyé tó tẹ̀ lé e kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun búlúù tó wà nínú elú kì í yọ́ nínú omi. Omi eérú àti kíkan tí aró ń kan fún ọjọ́ mélòó kan ló sọ ọ́ di ohun mìíràn tó ń yọ́, tí kì í ṣe búlúù mọ́, tó sì lè wọ inú òwú. Reduction nìyẹn. Bí aṣọ bá jáde sí afẹ́fẹ́, ọ́síjìn á dá a padà sí búlúù tí kì í yọ́, inú òwú ló sì ti há sí. Oxidation nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí adìrẹ ẹlẹ́lú kì í tètè ṣí.

Ẹ kíyè sí àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà yẹn. Mi ò kàn ṣà wọ́n. Ọmọ tó bá gbé A rò pé aró dà bí ọ̀dà, pé búlúù kan wà nínú ìkòkò tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọmọ tó bá gbé E ń ronú nípa aṣọ tí wọ́n ti rẹ lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá gbé B rò pé aró ní láti pẹ́ lára aṣọ kó tó mú. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ìrònú kan nídìí, mo sì ti ní ojú ìwé kan nílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà wà. Wákàtí tí àbúrò mi fi ń wá ìró tí àwòrán ọkàn á máa dún, ká ní ó fi wá ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà ṣùgbọ́n tó jọ òótọ́ lójú ọmọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ì bá ti tán.

Ìbéèrè irú èyí mẹ́ta tó fún píríọ́dù oníṣẹ́jú ogójì. Mẹ́rin ti fẹ́ pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ iná àti fóònù wá ńkọ́? Ilé ìwé tó pọ̀ kì í gba ọmọ láyè láti mú fóònù wá, dátà sì wọ́n. Páálí tí mo sọ lókè yìí ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí iye rẹ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ, Plickers wà: ẹ ó tẹ àmì kan sórí pépà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ á yí pépà náà kí ìdáhùn tó yàn lè wà lókè, tíṣà á sì fi kámẹ́rà fóònù tirẹ̀ nìkan wo gbogbo kíláàsì. Orúkọ ọmọ àti ohun tó yàn á jáde. Ní ti NẸ́PÀ, mo máa ń tẹ ojú ìwé tí ìbéèrè wà lórí rẹ̀ sórí pépà ńlá kí n tó kúrò nílé. Bí iná bá lọ, mo fi lẹ bọ́ọ̀dù, a sì ń bá a lọ. Púrójẹ́kítọ̀ ló kú, ìbéèrè ò kú.

Níbi tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá wà, ẹ ó máa gbọ́ orúkọ bíi Kahoot, tó wá láti Nọ́wè, Mentimeter láti Swídìn, Nearpod, àti Pear Deck tó ń wọ inú Google Slides. Gbogbo wọn ló ń gba èsì lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n sì ń fi han tíṣà. Kahoot ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù torí eré ni, ẹni tó bá sì yára ló ń gba máàkì jù. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ọmọ tó ń fara balẹ̀ ronú á rí orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, kò sì ní pẹ́ tó fi máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ohunkóhun. Mo máa ń fi kún àsìkò ìbéèrè náà, ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo sì máa ń lò ó, fún àtúnyẹ̀wò. Mi ò lè fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun.

Fún ẹni tó fẹ́ lo lìǹkì nínú PowerPoint, ohun kan wà tó ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ rí. Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnnì D, ọwọ́ mi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síláìdì bá fò lọ sí èyí tó kàn, ìdáhùn sì hàn kedere kí ẹnikẹ́ni tó dìbò. Ìbéèrè yẹn ò wúlò mọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó fà á ni pé títẹ ibikíbi lójú ìwé ló ń gbé PowerPoint lọ síwájú, àfi tí ẹ bá wọ Transitions, kí ẹ sì yọ àmì kúrò nínú On Mouse Click lórí ojú ìwé ìbéèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá fi máòsì tẹ ibòmíì, síláìdì ò ní lọ, àfi tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ lìǹkì bá sì sú lè kọ nọ́ńbà àwọn ojú ìwé rẹ̀ sórí pépà kékeré: bí síláìdì bá ń lọ, ẹ tẹ 9, kí ẹ tẹ Enter, ojú ìwé kẹsàn-án á yọ. Lẹ́tà B nìkan, ojú síláìdì á ṣú, kí àwọn ọmọ lè gbójú kúrò lára ògiri kí wọ́n sì wo ara wọn. Nígbà àríyànjiyàn, mo máa ń lò ó lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá fi Yorùbá kọ síláìdì, ẹ so fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́, mọ́ fáìlì náà kí ẹ tó gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Nínú Windows, ẹ wọ File, Options, Save, ibẹ̀ lẹ ti máa rí Embed fonts in the file. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ, ọ àti ṣ lè di àpótí òfìfo níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má wulẹ̀ bi ọmọ pé ṣé wọ́n lo púrójẹ́kítọ̀ lónìí. Ẹ bi í pé, "Kí lo kọ́kọ́ rò tẹ́lẹ̀ tó wá yí padà?" Bó bá ní nǹkan sọ, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀.

Àbúrò mi padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Síláìdì mẹ́rìnlélógún ti di méje. Àwòrán ọkàn náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró jẹ́ẹ́ báyìí, ìbéèrè kan sì wà lábẹ́ rẹ̀: yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì àti ti apá ọ̀tún, ògiri èwo ló nípọn jù, kí ló sì fà á? Ó ti gé páálí tirẹ̀ náà. Ó ní, "Àǹtí, tí gbogbo wọn bá wá gbé apá ọ̀tún ńkọ́?" Mo ní kó fi ojú ìwé tó máa ṣí nígbà yẹn hàn mí. Kò tíì ṣe é. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ṣí láptọ́ọ̀pù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibi tí ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí, àti ibi tí ti apá òsì ń lọ, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.